Àwọn Tó Mọ̀-ọ́n-mọ̀ Ṣubú

Lásìkò tí owó ọkọ̀ ń mú kéèyàn ro ìrìn-àjò Àkúrẹ́, níbi tí mò ń gbé, sí Oǹdó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọkọ̀, iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni kí n máa wo géèmù. Màmá mi nìkan ló wà nílé ní Oǹdó. A ti jọ fẹnu kò pé bí kò bá sí ohun tó le, kí n má wulẹ̀ wá.

Èmi kọ́ ni mò ń gbá géèmù ọ̀hún. Kọ̀ǹpútà ló ń gbá a fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni, ẹni mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á máa gbé ẹrù kọjá odò, èmi á tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù. Ohun tí mo bá yìn ni wọ́n á túbọ̀ máa ṣe. Ilé-iṣẹ́ wa ní ká wo bí àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá padà lọ fa ẹni tó ṣubú dìde ni mò ń yìn, kódà bí ẹrù wọn bómi lọ.

Nígbà tó yá, ẹrù ò kọjá mọ́. Wọ́n á dé etí odò, ọ̀kan á nà gbalaja lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn mẹ́ta á sáré bò ó. Bí wọ́n bá ti gbé e dìde, òmíràn á tún ṣubú. Inú bí mi gidigidi. Mo pe ọ̀gá wa, obìnrin kan tí mo tó bí lọ́mọ, mo ní ẹ̀tàn gbáà ni wọ́n ń ṣe.

Ó wò ó títí. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, sà. Ṣé ẹ ti yìn wọ́n rí lọ́jọ́ tí gbogbo wọn dúró?”

Ọ̀nà Oǹdó ni ọkàn mi gbà lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá mi ti pè pé orúnkún òun fẹ́ pa òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo débẹ̀ tí mo bá a tó ń roko ẹ̀yìnkùlé, tí mo sì bá a jà.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Màmá mi ń ṣa ewé sínú abọ́ níwájú ilé. Bó ṣe rí mi, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni.”

Ó gbé abọ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí orúnkún, ó sì rọra gbé e kúrò níbẹ̀.