Amí Ogun Tí Mo Pè Wá Jẹun

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa o. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo bí ṣòkòtò ṣe ń já bọ́ nídìí mi. Ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, nínú oòrùn Houston yìí tó máa ń bó èèyàn lára.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ilé tuntun wò kí onílé tó kó wọlé. Mo ti yẹ mẹ́ta wò ní Fulshear lọ́jọ́ náà, ebi sì ń pa mí. Mo yà sábẹ́ igi kan létí ọ̀nà, níbi tí wọ́n ri pátákó onírin kan mọ́lẹ̀ sí.

Mo ka ohun tó wà lára rẹ̀. Amí ogun kan ló lúgọ síbẹ̀ nígbà ogun àtijọ́, tó ń ṣọ́ bóyá ọ̀tá ń sọdá odò Brazos. Wọ́n ní kó dúró títí àwọn á fi rán ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Wọn ò rán ẹnì kankan. Ebi ló pa á kú síbẹ̀.

Mo mi orí, mo ṣí kúlà ìrẹsì tí Bọ́lá ìyàwó mi dì fún mi.

Mi ò tíì bu ṣíbí kejì tí mo fi rí bàbá òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà. Aṣọ awọ ló wà lọ́rùn wọn, wọ́n gbẹ bí igi ìdáná. Mo rò pé eré ìtàn ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ṣáà mọ àwọn ará Texas. Ìrẹsì mi ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe máa jẹun lójú àgbàlagbà kó má pè é? Mo na kúlà síta.

"Come and eat, sir."

A mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Ẹni tí a pè á ní ó á gba ibi ire, oníkálukú á bá tiẹ̀ lọ. Bàbá yìí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe àwọn.

Mo ṣẹ́jú, mi ò rí wọn mọ́. Ìrẹsì mi pé, ẹran mi pé. Mo fi sẹ́nu, àfi bíi bébà.

Ẹ gbà mí gbọ́, àtọjọ́ náà mi ò jẹun yó mọ́. Mo lè jẹ odindi abọ́ ẹ̀bà méjì, kó dà bíi pé afẹ́fẹ́ ni mo gbé mì. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo ló tún kù? Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n nídìí pátákó náà, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé mò ń kú lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mi ò sọ fún Bọ́lá, torí oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Sunday tó kọjá, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mò ń pààrọ̀ aṣọ lókè. Mo gbọ́ tí Bọ́lá ń kí èèyàn nísàlẹ̀. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, òun nìkan ni mo bá nídìí tábìlì pẹ̀lú iyán rẹ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá òyìnbó kan ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pe àwọn. Èmi náà ní kí wọ́n wá jẹun."

Ilẹ̀kùn wà ní títì látinú.

Ó bu òkèlè, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn. Ó parí iyán tiẹ̀, ó fa tèmi mọ́ra. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ebi ń pa ọmọ inú òun. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin báyìí, kò tíì yó.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń jẹun létí ọ̀nà níbí, tí àgbàlagbà kan dúró tó ń wò yín, ẹ má pè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.