Ìlà Kan tí Igbákejì Ọ̀gá Yọ

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Àpòmù ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo fi í ṣáájú nítorí pé òun náà fẹ́ràn kí wọ́n máa fi òun ṣáájú. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fún wọn.

Mo rántí ìgbà tí mò ń ti Ìkirè lọ sí Àpòmù láràárọ̀, tí ṣọ́ọ̀kì ti jẹ mí ní ìka. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ilé-ìwé wa, aṣọ ni àwọn olùkọ́ yòókù ń fi bò ó kí eruku má bà á jẹ́. Èmi ni mò ń ṣí i. Mo ra ìwé, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, mo sì ń jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́ títí ẹ̀yìn á fi máa ro mí. Àwọn ọkùnrin inú yàrá olùkọ́ ní mo ti fẹ́ ọkọ kejì, pé ọkọ ọ̀hún kì í jẹun, iná NEPA nìkan ló ń mu. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò díjú. Kọ̀ǹpútà àwọn ilé-ìwé tó wà ní Ìkirè àti Àpòmù kì í ṣe irú kan náà. Tiwa jẹ́ irú tí gbogbo ayé ń lò. Ti ilé-ìwé ìjọ kan ní Ìkirè jẹ́ funfun, ọmọ ìjọ kan ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ilé-ìwé kan tún wà tó jẹ́ pé irú èyí tí ètò inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń lò. Ètò tó bá ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Èmi ń wá ètò kan ṣoṣo tí yóò máa tọ́jú orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ lórí gbogbo wọn, láìjẹ́ pé a tún un kọ fún ìkọ̀ọ̀kan. Mo wá rí férémù kan, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti kàn sílẹ̀. Férémù ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò ṣe ju pé kó ṣí ojú iṣẹ́ sílẹ̀, kó sì gba àwọn ẹ̀yà tí a bá kì bọ̀ ọ́. Bí agboolé ló rí: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni, oníkálukú kọ́ yàrá tirẹ̀ sí i, ẹni tó bá ń tún tirẹ̀ ṣe kò ní í wó ti ẹlòmíràn. Férémù ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá oríṣi kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Àwa á kọ ẹ̀yà tiwa lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ìlú méjèèjì sọ pé àwọn á pé jọ wò ó, pé níbẹ̀ ni àwọn á ti yan ẹni tí yóò kúrò ní kíláàsì, tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún gbogbo wọn. Ipò yẹn ni mo fẹ́. Mo ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ṣọ́ọ̀kì nìkan ni wọn ó fi rántí mi.

Iṣẹ́ náà ju ti ẹnì kan lọ, mo bá kọ́ ẹni méjì. Olùkọ́bìnrin tó kéré jù láàárín wa, ìyàwó tuntun nílé àwọn ìmọ̀le kan ní Ìkirè, ló kọ ẹ̀yà orúkọ. Igbákejì ọ̀gá kọ ẹ̀yà máàkì. Orí rẹ̀ pé, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n máàkì tí kò ní orúkọ kì í ṣe máàkì. Nítorí náà, mo fi ìlà kan sórí iṣẹ́ rẹ̀ tó ń sọ fún férémù pé ẹ̀yà yìí gbára lé ẹ̀yà orúkọ, kó kọ́kọ́ jí ìyẹn dìde. Nígbà tó rí ìlà náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí wọ́n kà á síbẹ̀ pé èmi gbára lé ọmọ àná?"

Mo ní, "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ni yóò kà á, kì í ṣe ènìyàn."

"Ta ló ni kọ̀ǹpútà? Ṣé ènìyàn kọ́ ni?"

Ó yọ ọ́. Ètò náà ṣí dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì pè mí kí n wá fojú ara mi rí i. Mo ṣàlàyé pé oríire ni, pé lórí irú kọ̀ǹpútà tiwa, orúkọ ló kàn ń ṣèèṣì jí ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún férémù, irú mìíràn lè jí máàkì dìde ṣáájú. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, àgbà ní ń ṣíwájú. Olùkọ́ kékeré kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa lọ, obìnrin bíi tèmi, ọmọ tíṣà ìjọ. Ó ní àgbà ni, kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà á kọjá.

Ọjọ́ náà kò kọjá lára mi. Ilé-ìwé oníkọ̀ǹpútà funfun ni ìpàdé bọ́ sí. Igbákejì ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú ẹ̀yà tirẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi fláàṣì sápò bùbá. A kì ẹ̀yà náà bọ inú férémù, a tan ètò, máàkì sì jí ṣáájú orúkọ. Nọ́ńbà kún ojú kọ̀ǹpútà láìní ẹni tó ni wọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé kan na ìka sí i, ó ní ọmọ ta ló gba ọgọ́rin yìí, kí òun bá wọn yọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Igbákejì ọ̀gá dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní férémù tí Tíṣà mú wá ni kò dára, pé òun ti kìlọ̀ fún un. Mo wo ọ̀gá àgbà, ó ń wá nǹkan nínú báàgì. Mo wo olùkọ́ kékeré, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹni tó bá já àgbà nírọ́ lójú àwùjọ ti jẹ̀bi kó tó ṣàlàyé. Mo kàn ní ìlà kan ló yọ, kí wọ́n jẹ́ kí n dá a padà, ìṣẹ́jú kan kò ní í gbà mí. Wọ́n ti ń dìde lọ jẹun. Wọ́n ní ẹni tó bá bí ọmọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n. Èmi kò bí i, ẹ̀yìn mi ni wọ́n dè é mọ́.

Igbákejì ọ̀gá ni wọ́n fún ní ipò náà. Kò pẹ́ tí ètò náà fi ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilé-ìwé, lórí férémù tí wọ́n ní kò dára, pẹ̀lú ìlà tó yọ, tí wọ́n ti dá padà sí ààyè rẹ̀. Olùkọ́ kékeré tó ti di igbákejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé inú mi á dùn. Mo padà sídìí ṣọ́ọ̀kì títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nísinsìnyí, ojú mi ń ṣe bàìbàì, àárẹ̀ ló sì pọ̀ nínú mi ju ìbínú lọ. Ọ̀gá àgbà ti kú. N kò débi ìsìnkú rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, Ifẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Mo ti gbé ìdí rẹ̀ pẹ́ tó láti mọ̀ pé orúkọ àgbà nìkan ni wọ́n ń kọ sára ilé.

Nígbà tí mo gbọ́ pé àìsàn ti dá igbákejì ọ̀gá gúnlẹ̀, mo lọ sí Àpòmù. N kò lọ kí aláìsàn, mo lọ gba ọ̀rọ̀ mi. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, létí ènìyàn, pé kì í ṣe iṣẹ́ mi ló bàjẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kún pálọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ní bàbá àwọn ló mú ètò kọ̀ǹpútà wọ agbègbè yìí, ṣé mo bá wọn níbẹ̀ nígbà náà. Mo ní mo bá wọn níbẹ̀. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọ ohun tí mo wá gbà fún un. Ó wá fọwọ́ pè mí súnmọ́ ọn, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́:

"Tíṣà, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níbí, àwọn ọmọ yìí á bi mí pé kí ni mo ṣe. Jẹ́ kí n kú bí ọ̀gá."