Ṣéènì Tó Há Sínú Fáànù

Ìró tí Tíṣà kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ìró ṣọ́ọ̀kì lára pátákó: kọ́, kọ́, kẹ̀ẹ̀rẹ̀, kọ́. Bàbá rẹ̀ ni olùkọ́, ìyá rẹ̀ a sì máa pọ̀n ọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì títí agogo yóò fi dún. Bí ìró yẹn bá ti dákẹ́, bàbá a gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, a ní, "Ó parí." Láti orí ẹ̀yìn ìyá ló ti wọ ọmọ náà lọ́kàn pé ohun tí a bá ti kọ sára pátákó, a ti ṣe é tán.

Òun náà dàgbà, ó di olùkọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ nípa iná mànàmáná. Súìṣì tó yà á tó ẹgbẹ̀rún. A fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya wáyà kan, a fi búlúù ya ìkejì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bàjẹ́ rí. Súìṣì gidi, èyí tó ń gbé inú ilé, kò tú u wò rí. Kí ni ì bá tú u fún? Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ránṣọ ní yàrá iwájú, lábẹ́ fáànù òkè àjà kan tó ní gílóòbù nídìí. Ṣéènì méjì ló rọ̀ sílẹ̀ lára fáànù náà, ọ̀kan fún atẹ́gùn, ọ̀kan fún iná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà na ọwọ́, ó fa ti iná, ṣéènì sì tẹ̀ lé e wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò mú un lọ.

"Ó ti já," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n pe Òdo."

Orúkọ tí Tíṣà kò fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Òdo ni atúnnáṣe àdúgbò. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Tíṣà fún un ní òdo nínú ìdánwò iná, ó sì pè é dúró síwájú kíláàsì, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Eléyìí ò ní mọ ibi tí iná ń gbà wọlé títí ayé ẹ̀." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ òdo di orúkọ. Ọmọ náà kò bínú. Nígbà tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀: ÒDO, ATÚNNÁṢE. Kò sí ilé tí kò tíì tún iná rẹ̀ ṣe ládùúgbò, àfi ilé Tíṣà.

"Òdo kẹ̀?" ni Tíṣà wí. "Kó wá kọ́ mi níṣẹ́ tí mo kọ́ ọ?"

"Bàbá wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Tílẹ̀ bá ṣú tí iná yìí ò tàn, mo pe Òdo nìyẹn."

"Kílẹ̀ tó ṣú, màá ti gbàgbé pé mo ṣe é."

Ó lọ ra súìṣì tuntun, kékeré báyìí, kò ju ìdérí ìgò lọ, pẹ̀lú wáyà méjì àti ṣéènì tirẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gun àkàbà lọ tààrà. Tíṣà já kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá lára ògiri, ó yí i lẹ́yìn padà, ó fi bírò pupa àti búlúù ya ọ̀nà iná láti orí òpó títì títí dé ìdí gílóòbù. Ó wá ní kí ìyàwó òun jókòó.

"Ta ló lè sọ fún wa, kí ni iṣẹ́ súìṣì?"

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló tún wà níbí yàtọ̀ sí mi?"

"Na ọwọ́ rẹ sókè kó o tó dáhùn."

"Abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n nà án bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀kọ́ náà gba wákàtí kan àtààbọ̀. Ó dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Iná di odò tó ń ṣàn nínú rẹ̀, súìṣì di ìsédò. Nígbà tó fi parí, oòrùn ti ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé.

Ó pa súìṣì ńlá tó ń mú iná wọlé, ó gun àkàbà. Ó tú gílóòbù, ó tú ìdérí, eruku ọ̀pọ̀ ọdún sì bo irun rẹ̀, ó bo ilẹ̀. Ìyàwó ti sáré gbé aṣọ ọlọ́mọ sá. Tíṣà rí súìṣì àtijọ́. Ó rí wáyà rẹ̀ méjèèjì. Ó fà wọ́n sún mọ́ ojú.

"Kí ló dé?"

"Dúdú ni méjèèjì."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ó yẹ kí ọ̀kan pupa."

"Ẹ bá a wí, nígbà náà."

Odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi dúró lókè níbẹ̀, ó ń wo wáyà méjì bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ẹ̀gbọ́n jáde láàárín ìbejì. Nígbẹ̀yìn ó gé súìṣì àtijọ́ kúrò, ó so wáyà tuntun mọ́ tàtijọ́, ó fi téèpù wé wọn, ó ti gbogbo rẹ̀ wọnú, ó dé e, ó fún un pinpin. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé súìṣì ńlá sókè. Ó padà wá, ó na ọwọ́ sábẹ́ fáànù bí ẹni fẹ́ já èso. Afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣéènì dà?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó wà."

"Níbo?"

Tíṣà gbójú sókè. "Nínú."

"Nínú fáànù? Ta ni yóò wá máa wọbẹ̀ lọ fà á?"

Nínú gbogbo àwòrán tí Tíṣà yà láyé, kò sí èyí tó ya ihò tí ṣéènì ń gbà jáde sí. Pátákó kò nílò ihò.

Obìnrin náà mú fóònù. Tíṣà tún gun àkàbà kíá, bóyá òun á parí rẹ̀ kí Òdo tó dé. Ṣùgbọ́n òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù Òdo wà. Ó wọlé, ó gbójú sókè, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ lọ pa súìṣì ńlá tí ìkánjú mú Tíṣà gbàgbé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló padà wá.

"Ẹ káalẹ́, sà. Ẹ ṣì ń bẹ láyé, a dúpẹ́."

"Mi ò pè ọ́."

"Màmá ló pè mí, sà."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

"Mo rí i, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sàn díẹ̀. Ó di àkàbà mú, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè. "Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa tú u, màá máa tan iná sí i fún yín." Bí Tíṣà ti tú ìdérí tán, Òdo bẹ̀rẹ̀, ó ṣa nọ́ọ̀tì kékeré kan nínú páálí súìṣì tuntun tó wà nílẹ̀, ó gbé e síwájú iná. "Kí lèyí wà fún, sà?"

Tíṣà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò wọ́n ọn. Odò ṣì ń ṣàn nínú rẹ̀, ó lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára ìyàwó rẹ̀, tó di aṣọ funfun mọ́ àyà, tó ń wo fèrèsé tó ti ṣókùnkùn.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Odidi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde rí.

"Kò burú, sà," ni Òdo wí jẹ́jẹ́. "Ohun témi náà kọ sínú ìwé ìdánwò nìyẹn."

Ó wá ṣàlàyé: ṣéènì á gba ihò jáde, ọrùn súìṣì á tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀tì á sì dì í mú láti ìta. Gbólóhùn kan péré. Tíṣà ṣe bẹ́ẹ̀.

"Wáyà ńkọ́?" ló bi í lóhùn kékeré. "Dúdú ni méjèèjì."

"Èyí tó bá wù yín lẹ so mọ́ èyí tó bá wù yín, sà. Súìṣì iná ò ní ẹ̀gbọ́n, kò lábùúrò."

Wọ́n dé e. Òdo gbé súìṣì ńlá sókè, Tíṣà fa ṣéènì, iná tàn. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún. Ó sin Òdo dẹ́nu ọ̀nà. Ọpẹ́ ló fẹ́ dú, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ ló jáde:

"O ṣe é dáadáa."

"Mélòó nínú mẹ́wàá, sà?"

Tíṣà rò ó. Bárakú ni. "Mẹ́sàn-án."

Òdo wá rẹ́rìn-ín, ó sọdá títì.

Tíṣà padà wọlé láti ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ bí nọ́ọ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ sún díẹ̀," lobìnrin náà wí, kò gbójú sókè. "Ẹ ń dí iná mọ́ mi lójú."

Ó sún. Ó wo ilẹ̀. Eruku wà láti ibi ògiri dé ẹnu ọ̀nà, àti àjákù wáyà, àti ipa ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ káàkiri inú rẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun, ó gbá abẹ́ tábìlì, ó gbá ìdí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ránṣọ gbé ẹsẹ̀ kan fún un, ó gbé èkejì. Ó gbá a kọjá ẹnu ọ̀nà, ó kó o sínú ìkólẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé lọ dà nù. Nígbà tó padà dé, ó rí i pé ó ku díẹ̀ lábẹ́ àga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ìyẹn náà.