Jíìpù Tí A Fẹ́ Fi Gun Òkè Mambílà

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Àpáta ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn òkè Mambílà fún mi, níbi tí jíìpù ti ń gba inú ẹrẹ̀ gòkè láìsí ọ̀nà. Mo tún jíìpù mi ṣe ní Mọ́kọ́lá, ó ku ká gbéra. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ṣe lọ tọrọ àdúrà ìrìn-àjò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn! A ò tíì ṣàmín tán tí iṣu àti gàrí fi kún ẹ̀yìn ọkọ̀, kálukú nínú ìjọ ń fi ránṣẹ́ sẹ́bí ẹ̀ lọ́nà. Mo pariwo.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àwọn tó gbàdúrà fún wa lo fẹ́ já kulẹ̀?"

Ìyá Àdúrà ìjọ wọn ti jókòó síwájú ọkọ̀, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, òkè wo ni jíìpù yìí tún fẹ́ gùn?