Ojú-ewé Mẹ́rìndínlógún Tí Kò Sí Nínú Ìwé Mi

Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbóórùn ìwé tuntun, ńṣe ni mo máa ń yínmú. Mo rántí ìgbà tí páálí mọ́kànlá dé sí gáréèjì wa ní Whitby, lẹ́bàá Toronto ní Canada, tí mo fi ọ̀bẹ ìdáná la ti àkọ́kọ́, tí mo gbé ìwé kan jáde, tí mo sì ń fi ìka tọ orúkọ ara mi lára èèpo rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kankan tó fèsì sí lẹ́tà mi. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Woodbridge ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Láti ọjọ́ tí ìwé ti dé ni mo ti ń wo àwọn tí a jọ ń lẹ páálí pọ̀ bíi pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi mọ́. Mo jọ ara mi lójú gan-an ni.

Ìwé náà dá lórí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Aṣọ ló ń rán. Òun ló rán yúnífọ́ọ̀mù mi láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi jáde girama, òun náà ló sì ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó ní kí n lè rówó wọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn tí mo dé Toronto ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Yóò bi mí lórí fóònù pé ìgbà wo ni mo ń bọ̀, èmi yóò ní mo ń bọ̀, títí ó fi kú. Mi ò dé ibi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá. Orí kẹsàn-án ni mo ti sọ gbogbo ìyẹn, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé pépà ìgbélùú mi tí kò tíì jáde ni kò jẹ́ kí n lọ. Tí kì í bá ṣe ti orí kẹsàn-án, mi ò bá tí kọ ìwé kankan. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí ẹnì kan kà á, kí ó sì sọ fún mi pé mi ò jẹ̀bi.

Ẹni tó bá mọ àwa ọmọ Yorùbá yóò mọ̀ pé ìkójáde ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jókòó sí tábìlì iwájú ni. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wá alága, olùyẹ̀wò ìwé, ẹni tí yóò ṣí aṣọ lójú ìwé, àti ìyá ọjọ́ náà. Alága tí mo rí jẹ́ ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní olóyè, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pàdé ẹni tó mọ ìlú tó ti jẹ oyè ọ̀hún. Mo gbé ìwé lọ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè sódò bí ẹni ń wọn ẹran.

Ó ní, "Auntie, ìwé yìí heavy o! Congratulations. Ṣùgbọ́n lórí flyer yẹn, ṣé orúkọ mi ló máa ṣáájú ti pastor?"

Olùyẹ̀wò ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé kan tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún ló kọ̀wé sí mi pé kí n jọ̀ọ́ fi summary ránṣẹ́ sí òun, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun. Mo fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn là mí lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó lápá ọ̀tún alága ni mò ń rò.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí méjì lẹ́yìn àkókò, nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọ̀mọ̀wé dìde, ó fi díńgí rẹ̀ sójú, ó sì ka ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ sí i padà fún mi, láìyọ kọ́mà kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìjìnlẹ̀ òye rẹ̀. Olóyè gba máíìkì, ó fi ogójì ìṣẹ́jú sọ bí òun ṣe dé Canada, kó tó wá rántí pé ìwé wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí kẹsàn-án, níbi tí ẹ̀gbọ́n Auntie yìí ti kú! Inú truck ni mo ti ń kà á. Mi ò lè wakọ̀ mọ́. Mo ní láti park sẹ́bàá highway, mo sunkún bí ọmọdé."

Gbọ̀ngàn pariwo. Èmi náà bú sẹ́kún, mo sáré lọ dì mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tó ènìyàn méje tó pè mí pé orí kẹsàn-án náà pa àwọn lẹ́kún. Mo ń sùn dáadáa. Mo rò pé wọ́n ti dá mi láre.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí láti Newmarket. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ó ní ẹnì kan tí òun fi mọ́tò gbé ló gbàgbé ìwé náà sórí àga, tí kò tíì ya ọ̀rá ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú o, Auntie òǹkọ̀wé," ló wí. "Ní page 112, ẹ̀gbọ́n yín wà lórí ibùsùn, ó ń bi yín pé ìgbà wo lẹ máa dé. Mo ṣí i sí òdìkejì, page 129 ni mo bá, ẹ̀ ń ra winter tyres. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Ṣé ara rẹ̀ padà yá?"

Mo rò pé ẹ̀dà tirẹ̀ nìkan ló ní àléébù. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gáréèjì, mo ṣí ọ̀kan, mo ṣí òmíràn, mo la páálí kan tẹ̀ lé èkejì. Bákan náà ni gbogbo wọn. Ojú-ewé mẹ́rìndínlógún ti dàwátì, orí kẹsàn-án látòkèdélẹ̀ sì wà lára àwọn tó dàwátì. Olóyè ti dá ọkọ̀ ńlá dúró lẹ́bàá títì, ó ti sunkún lórí ohun tí kò sí láyé! Irọ́ pọ́ńbélé. Mo jókòó lórí páálí, mo ń ṣépè fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀mọ̀wé, àwọn méje tó pè mí, gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Mo pe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kí n lè bú u dáadáa. Kò bá mi jà. Ó kàn fi ẹ̀dà tó ti fi ránṣẹ́ sí mi fún àyẹ̀wò ránṣẹ́ padà, pẹ̀lú èsì tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ojú-ewé wọ̀nyẹn kò sí níbẹ̀ náà. Ohun tí mo kọ ni pé, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orúkọ mi tóbi díẹ̀ sí i." Èèpo ìwé nìkan ni mo wò. Láti ọjọ́ tí páálí ti dé, mi ò jókòó ka ojú-ewé kan nínú rẹ̀. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò ka ìwé mi.

Mo tẹ orí kẹsàn-án jáde nílé, mo wakọ̀ lọ sí Newmarket. Nígbà tí obìnrin náà rí mi, tó rí i pé òun jù mí lọ dáadáa, ó sọ mí di àbúrò. Ó gbé tíì síwájú mi, ó jókòó, ó sì ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó parí, kò sunkún. Ó fa ìwé náà sún mọ́ra, ó ṣí i padà sẹ́yìn, ó wá nǹkan kan títí ó fi rí i.

Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ ní pépà ni ò jẹ́ kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní page 97 níbí, ẹ ti gba PR, pépà ìgbélùú yẹn, ní summer, ẹ tiẹ̀ ṣe thanksgiving ní church. December ló kú. Kí ló dé tí ẹ ò lọ?"

Tíì mi tutù níwájú mi. Kò gbé ojú kúrò lára mi.

"Wọ́n fẹ́ sọ mí di supervisor níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, mà," ni mo wí níkẹyìn. "Wọ́n ní ẹni tó bá rìnrìn àjò ní December, kó má retí rẹ̀."

Mo dúró kó sọ pé kò sí ohun tí mo lè ṣe, pé bí ayé ìhín ṣe rí nìyẹn. Kò sọ ọ́. Ó kó àwọn tákàdá orí kẹsàn-án jọ, ó tò wọ́n dáadáa, ó sì tì wọ́n padà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Ọdún kẹta rèé. Mo ṣì máa ń rí olóyè níbi àpèjẹ, ó sì máa ń bi mí pé ìgbà wo ni ìwé kejì. Mo ṣì kórìíra irọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí pé mi ò ṣèèṣì yàn án. Àwọn tí yóò pàtẹ́wọ́ láìkà á ni mo wá kiri fún oṣù méjì, mo sì rí wọn. Mo ń tún orí kẹsàn-án kọ. Mi ò tíì kọjá ojú-ewé kejì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró dè é ní Newmarket, ó sì máa kà á.