Ẹ̀jẹ̀ Inú Ibi Ọmọ

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣe mí níkà. Àlájà ni gbogbo ilé ń pè é. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé ọkọ ní Òṣogbo, "wọ́n" ni mo ń lò fún un, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Nínú ìwé tèmi yìí, "ó" ni yóò máa jẹ́. Ó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí, kò lè dá mi lóhùn, ìyẹn náà sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Iléṣà ni mí. Kí n tó fẹ́ àbúrò rẹ̀ ni mo ti kàwé gboyè nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Èyí kò jẹ́ nǹkan kan lójú Àlájà. Bí mo bá ṣèèṣì pe ilé ní "ulé" bí a ti ń pè é nílé wa, á pàtẹ́wọ́: "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ òṣómàáló ti sọ̀rọ̀!" Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn. Bàbá mi kò ta aṣọ rí. Olùkọ́ ni.

Ọ̀gá mi ní láàbù, dókítà kan tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ ju ìgboyà rẹ̀ lọ, ń ṣe ìwádìí lórí bí ara ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn eegun wa. Wọn kò pọ̀, àmọ́ ara wọn ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde: èyí tó pupa, èyí tó funfun, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Ìyá ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń pè wọ́n tí mo bá ń ṣàlàyé fún aláìsàn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, tó wá ń bí ọmọ tí kì í dàgbà, tí kò mọ iṣẹ́ kankan, tó kàn ń pọ̀ títí kò fi sí àyè fún èyí tó dára mọ́, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń ba ìyá ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ni à ń wá. Kò rọrùn láti máa gún eegun ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ kù sínú okùn ìwọ́ àti ibi ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ìwọ́. Bí ìyá ọmọ bá yọ̀ǹda, a ó fa ẹ̀jẹ̀ náà sínú àpò, a ó sì dá ibi padà fún àwọn ẹbí kí wọ́n lọ rì í. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé mi nìyẹn.

Ìyàwó ọmọ Àlájà wá bí ọmọbìnrin sílé ìwòsàn wa. Èmi fúnra mi ni mo lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbà á, mà. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?" Mo gbà á. Nígbà tí wọ́n gbé ibi fún Àlájà nínú ọ̀rá dúdú, ó tú u wò lójú gbogbo èèyàn.

"Ibi yìí ti rọ. Ó ti funfun. Ta ló fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì kan fi ẹnu júwe mi.

"Ìwọ? Ìyàwó ilé wa? Èló lo tà á, ọmọ òṣómàáló?"

"Ẹ má bínú, mà. A kò tà á. Ìwádìí ni. Bí a kò bá fà á, ilẹ̀ ni ì bá mu ún."

"Ilẹ̀ ló ni ín! Jẹ́ kí ilẹ̀ mu ún! Olè ibi! Oníṣẹ́ ibi!"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ibi ọmọ àti ibi tí èèyàn ń ṣe síni. Àlájà mọ bí a ṣe ń lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kálukú tó wà níbẹ̀ sì mú èyí tó wù ú lọ sílé.

Ọ̀gá mi jáde wá, ó ń fọwọ́ pa orí. Ó ní kí n da ẹ̀jẹ̀ náà nù níwájú Àlájà kí ariwo lè rọlẹ̀. Mo dà á sínú síǹkì. Nígbà tó yá, ó mú mi kúrò nínú iṣẹ́ ìwádìí, ó ní kí n lọ máa wo kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti ìta. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìdí tábìlì yẹn ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ó sì ní kí n bu ọbẹ̀ kún oúnjẹ òun.

Ọmọ náà dàgbà, ó sì fẹ́ràn mi. Mọ́mì Iléṣà ló ń pè mí. Ní ọjọ́ Iléyá kan, mo rí i tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri. Ojúgun rẹ̀ kún fún àpá dúdú bí ẹni tó ṣubú, kò sì ṣubú. Nígbà tó gé ẹran jẹ, ẹ̀jẹ̀ hàn lára eyín rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e wá fún àyẹ̀wò.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó o kọ́kọ́ mu kò tó ẹ?" Àlájà ló dáhùn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín.

Oògùn ibà ni wọ́n ń rà fún un ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Nígbà tí ibà náà kò lọ, wọ́n gbé e wá kí a lè wá kòkòrò ibà lára rẹ̀. Orí tábìlì mi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ohun tó kún ojú maikirosikóòpù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí kò dàgbà, wọ́n fún ara wọn pọ̀ bí èrò inú ọkọ̀ tí kò sí àyè mọ́. Mo nu dígí ojú mi, mo tún un wò. Mo mọ̀ wọ́n. Nítorí wọn ni mo ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ inú ibi ọmọ nígbà kan.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, Àlájà ní òun ti wí i. Ó ní ìyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni mo fà lọ, èyí tó kù kò rí ẹni tọ́ ọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí n sọ ni pé, nínú àwọn ọmọ mìíràn tó ní àrùn yìí, inú ìyá wọn ni sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú àpò tí wọ́n ní kí n dà sínú síǹkì.

Wọ́n tọ́jú ọmọ náà, ara rẹ̀ yá díẹ̀, àrùn náà sì padà. Ìyá rẹ̀ wà nínú oyún nígbà náà. Dókítà rẹ̀ ní bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun bá bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu, a lè fi ìyá ẹ̀jẹ̀ inú ibi rẹ̀ rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ó lè bá a mu, ó lè má bá a mu, àmọ́ kò sí ọ̀nà mìíràn nílẹ̀. Ìyá ọmọ gbà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mọ́mì, bí mo bá ti ń rọbí, màá pè yín." A ti wá ibi tí wọn yóò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà sí. Mo gba àpò, mo fi omi dídì sínú fírísà, mo gbé kúlà sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, Àlájà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó, nítòsí ilé tuntun tí Àlájà kọ́ síbẹ̀, ló mú un lọ. Ọmọ tó ń ṣàìsàn yẹn ló fi fóònù bàbá rẹ̀ pè mí: "Mọ́mì Iléṣà, wọ́n ti gbé mọ́mì mi lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Ẹ sáré!" Mo gun ọ̀kadà, mo gbé kúlà lé itan. Àgbàlagbà bíi tèmi. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé Àlájà, ó ń fi omi ṣan ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù. Ó wo kúlà ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti wọlẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló pé."

Mo jókòó sórí kúlà náà. Dókítà ní tí ọmọ tuntun bá gbó díẹ̀, a lè gba mùdùnmúdùn eegun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè dúró dè é. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ó kú, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Àlájà ránṣẹ́ pé kí n má wá.

Ọkọ mi kú lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì padà sí ilé bàbá mi ní Iléṣà. Ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ Àlájà ti bá mi, pé ara rẹ̀ kò dá, pé ojú mi ló fẹ́ rí. Mo mọ ohun tí àwọn mùsùlùmí máa ń ṣe bí wọ́n bá rí i pé ọjọ́ ti ń lọ. Wọ́n á pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n á ní "ẹ yáfì mi," kí onítọ̀hún lè dárí jì wọ́n. Látọjọ́ tí mo ti da ẹ̀jẹ̀ yẹn sínú síǹkì ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ náà. Nínú korópe tí mo wọ̀ lọ sí Òṣogbo, ohun tí mo ń rò ni bí màá ṣe jẹ́ kó pẹ́ kí n tó dáhùn.

Ó ti rù. Ó ní kí n sún mọ́ òun, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di tèmi mú. Mo tẹ etí mi sẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó, mi ò fẹ́ gbé e dé inú sàréè. Ní ti ọ̀rọ̀ ibi yẹn, mo ti yáfì ẹ."