Lẹ́yìn Oúnjẹ

Ọjọ́ tí ìyá mi kí ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ ní ọjà Agbalata, tí ó tún bínú pé ère náà kò dá a lóhùn, ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ti kúrò ní àwàdà. "Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ni ó wí, ó sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gún un ní itan. Tíṣà ni ìyá mi kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó lè dúró gbagidi níwájú rẹ̀ láìkí i, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́mìí, ìbáà jẹ́ aláìlẹ́mìí.

Awọ funfun kan ló bo ẹyinjú rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan nínú ìlú ní àwọn lè ṣí i kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kan, yóò sì tún máa kàwé. Ohun kan ṣoṣo ló lè dí i lọ́wọ́: ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọn kò ní fọwọ́ kan ojú náà. Mo ní ìyẹn kò le. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé, èmi fúnra mi ni mò ń rà á.

Lára ògiri ilé ìwòsàn ọ̀hún, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé: ODIDI ÈNÌYÀN LÀ Ń TỌ́JÚ. Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa fura sí ohunkóhun tí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá kọ. Abẹ́ àkọlé yẹn la jókòó sí títí oòrùn fi kan àtàrí. Dókítà tó pè wá wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Èkìtì, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí odidi ènìyàn kankan bá wà nínú yàrá yẹn, inú kọ̀ǹpútà ló wà.

Ẹ̀jẹ̀ ga. Wọ́n dá wa padà, wọ́n fi oògùn kan kún oògùn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ ga, wọ́n tún fi òmíràn kún un. Ní ìgbà kẹta, dókítà mí kanlẹ̀, ó kọ nǹkan sínú káàdì, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bí ó bá tún ga, àwọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

A dé ìta, ìyá mi dúró. "Kí ló kọ?"

"Kò sí nǹkan, Màámi."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní kí ló kọ? Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ní ìwé kíkà ni, àbí èmi ni mo kọ́ ọ?"

Mo kà á fún un. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé aláìgbọràn ni aláìsàn yìí, kì í lo oògùn rẹ̀.

Ìyá mi fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Màámi, ṣé ẹ ń lò ó lóòótọ́?" Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì jókòó sí títí a fi dé ilé rẹ̀ ní Apa.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyókù. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo ra àpótí oníke alájà méje fún oògùn rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń ti Ìbẹ̀rẹ̀kò, níbi tí mò ń gbé, wá kà á bí ẹni ń ka ẹyin adìyẹ, kò sì sí èyí tó yẹ̀ rí. Mo lọ sí àpérò kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, níbi tí ẹni tó wọ kóòtù ti fi gbogbo òwúrọ̀ ṣàlàyé pé ara, ọkàn àti ẹ̀mí kò ṣeé pín níyà, kí ó tó pín míìtì páì fún wa. Mo mú ọgbọ́n yìí wálé. Mo ní kí ìyá mi jókòó, kí ó di ojú, kí ó máa mí díẹ̀díẹ̀.

"Mo ti ń mí kí wọ́n tó bí ọ," ni ó wí. "Ojú tí o ní kí n dì yìí, ṣé ó là tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó wá búra pé dókítà yẹn kò ní fọwọ́ kan òun àfi tó bá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. "Kí ojú fọ́ tó bá fẹ́ fọ́. N kò ní fi orúkọ burúkú ra ojú." Gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi kò ju pé ó gbà láti tẹ̀ lé mi lọ ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá fún wa.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ obìnrin Ògù kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Kì í de okùn ìwọn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ènìyàn lápá láì kọ́kọ́ bi í ní ohun tó jẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí-lẹ-jẹ" ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Èdè Ògù ló fi bi ìyá mi, èdè tí ìyá mi fi ń lálàá.

"Tíṣà, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"N kò jẹun."

"Láàárọ̀ àná ńkọ́?"

"N kò jẹun."

"Láàárọ̀ ìjẹta?"

Ìyá mi rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn ló ń bá a gba ààwẹ̀ nítorí ojú náà: láti Ọjọ́ Ajé, títí di ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń gbà á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ààwẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pariwo.

"Oògùn ńkọ́?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí: láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. N kò jẹ oúnjẹ, ẹ̀yìn èwo ni mo fẹ́ lò ó sí?"

Nọ́ọ̀sì náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń ka oògùn. Ọjọ́ Ajé ni ààwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí a pè ní aláìgbọràn ti gbọ́ ti ìjọ, ó ti gbọ́ ti páálí oògùn, ìgbọràn náà ló sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè.

Dókítà dé, wọ́n ṣàlàyé fún un. "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Ṣé o bi mí?"

Ẹ̀jẹ̀ ṣì ga lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì bá wa bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Àwọn obìnrin ìjọ ṣe ìpàdé, wọ́n ní àwọn yóò gba ààwẹ̀, kí ìyá mi máa jẹun dípò gbogbo wọn. Ó jẹ ẹ́ fún wọn dáadáa. Àràárọ̀ ni ó ń jẹ àkàsà àti ẹja, tí ó sì ń gbé oògùn mì.

Nígbà tí a padà lọ, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Inú dókítà dùn, ó ní kí wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ abẹ wá. Ìyá mi kò dìde.

"Ọmọ mi, pa ohun tí o kọ rẹ́."

"Màmá, a kì í pa nǹkan rẹ́ nínú káàdì. Òfin ni."

"Òfin ni mo pa mọ́ tí o fi bú mi."

Dókítà wò mí, bí ẹni pé kí èmi ọ̀mọ̀wé bá òun bá arúgbó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àyè mìíràn kò sí, mo sì mọ̀ pé ojú ìyá mi ni mo fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́.

"Dókítà," ni mo wí, "tí ẹ kò bá pa á rẹ́, à ń lọ sílé."

Ìyá mi yíjú sí ọ̀dọ̀ tí ohùn mi ti wá. Dókítà wo èrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fa bírò yọ, ó fa ìlà kan gba orí ọ̀rọ̀ náà kọjá. Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó na apá kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tú báńdéèjì. Mo gbé ojú mi síwájú rẹ̀ kí ó rí mi. Ó fi ọwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Káàdì dà?"

Ó sún un mọ́ ojú, ó sún un jìnnà, ẹnu rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á.

"Ìlà yìí tín-ín-rín jù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì ń yọjú. Nọ́ọ̀sì, bá mi wá bírò pupa."

Nọ́ọ̀sì Kí-lẹ-jẹ fa ọ̀kan yọ lápò. Ìyá mi fa pupa sórí ọ̀rọ̀ náà títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó wá fi ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: Ẹ bi í ní ohun tó jẹ.

Ó nà án sí mi. "Mú un lọ fún dókítà. Kí ó ṣe àtúnṣe, kí ó gbé e wá kí n wò ó."